Gbèsè Ẹ̀jẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Ìjọba Faransé Fi Kó Ọmọ Aláwọ̀ Dúdú Lọ Sójú Ogun

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣàkóso, kò sí èyí tí ó wúwo tó ọmọ bíbí inú ẹni. Nítorí owó orí, bí ó ti wù kí ó ga tó, a lè ta àgbàdo, a lè yá owó èlé, a sì lè fi oko dógò kí a tó rí i san, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti fi ogún ọdún tọ́, tí a ń wò pé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sin wá, bí ìjọba bá wí pé kí a mú un wá kí ó lọ jagun ní ilẹ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí a ó fi tu òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Àwọn baba wa sọ pé ọ̀rọ̀ ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni í sì í yọ ọfà lápó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba Faransé fi ń ṣe àròyé láti 1910 sí 1919 pé iṣẹ́ ológun kì í ṣe ọ̀ràn bí-ó-bá-wù-ọ́ mọ́ fún àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará wa ní Kétu àti ní Ọ̀họ̀rí, ní Dàhòmì tí a ń pè ní Benin lónìí, wà nínú wọn, pé àìgbọ́dọ̀máṣe ni, àti pé gbèsè ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ń san bí ó bá gbé ìbọn lé èjìká.

Kì í ṣe pé ogun ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Ìbàdàn, tí ó gbọ́ nípa ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán ní ibùdó títí di 1893, yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ yìí ni ó dàgbà sínú ìró ìbọn. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ onílé ni í yan ológun tí yóò tẹ̀ lé. Ó lè fi olóyè kan sílẹ̀ kí ó lọ bá òmíràn, bí ó bá rí i pé ọwọ́ onítọ̀hún là ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ níbi ìkógun. Ohun tí ó ń mú un jáde kì í ṣe ìwé àṣẹ. Onílù ni yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé rẹ̀, tí yóò máa ki baba tí ó bí baba rẹ̀, tí yóò ka àwọn ìlú tí ó fọ́ àti àwọn ọgbẹ́ tí ó gbà sí àyà tí kò sí ọ̀kan lẹ́yìn, títí orí ọmọ náà yóò fi wú, tí yóò wọ ilé lọ mú ìbọn. Èmi kò sọ èyí láti yin ogun abẹ́lé tí ó sọ ọ̀pọ̀ ìlú wa di ahoro, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbàgbé pé ẹrú àwọn ológun a máa lọ sójú ogun láìsí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé àwọn baba wa mọ ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn dáadáa, èyí tí a fi oríkì rọ ọmọ onílé jáde àti èyí tí a fi pàṣẹ fún ẹrú. Ohun tí àwọn Faransé fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n pàṣẹ, kí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún sì gbà pé oríkì ni wọ́n ń ki òun.

Ọ̀nà ẹrú ni àwọn náà kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí Faidherbe, gómìnà Sẹ̀nẹ̀gàl, dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a ń pè ní Tirailleurs Sénégalais sílẹ̀ ní 1857, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jẹ́ ẹrú tí ìjọba san owó ìràpadà wọn fún olówó wọn, tí àwọn fúnra wọn sì fi ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ológun dí owó náà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ní 1910 ọ̀gágun kan, Charles Mangin, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní La Force noire, ìwé náà sì ni orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròyé tí ó tẹ̀ lé e. Mangin rí i pé àwọn obìnrin Faransé kò bímọ tó àwọn obìnrin Jámánì mọ́, àti pé bí ogun bá dé, ọmọ ogun Jámánì yóò pọ̀ ju ti Faransé lọ. Ó wá na ìka sí Áfíríkà bí ẹni tí ó rí odò tí kì í gbẹ, ó ní níbẹ̀ ni kí a ti máa pọn ọmọ ogun. Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà kì í ṣe àwa. Àwọn aṣòfin Paris ni, àti àwọn baba àti ìyá aláwọ̀ funfun tí ọmọ wọn kò pọ̀ mọ́, ó sì tù wọ́n nínú ní ọ̀nà tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò: ó ní jagunjagun ni ọmọ aláwọ̀ dúdú láti inú ìyá rẹ̀ wá, ó ní ó lè fara da oòrùn àti ìnira ọ̀nà jíjìn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan ara rẹ̀ kò gbọ́ ìrora tó ti aláwọ̀ funfun. Ẹni tí a bá ti yìn báyìí tán pé kò gbọ́ ìrora, a ti gba àyè láti rán an lọ sí ibi tí ìrora pọ̀ sí jù lọ, ọkàn ẹni tí ó rán an kò sì ní dá a lẹ́bi. Nínú gbogbo ọgbọ́n ẹnu tí mo mọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, èyí ni mo kà sí ìkà jù, nítorí aṣọ ìyìn ni ó wọ̀ wá.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú àwọn àròyé náà ni àròyé ọpẹ́. Mangin àti àwọn tí ó gbà pẹ̀lú rẹ̀ wí pé Faransé ni ó dá ogun ẹrú dúró, pé òun ni ó mú àlàáfíà wá sí ilẹ̀ tí àwọn ọba ti ń fi ara wọn ṣe ìjẹ, nítorí náà àwọn tí ó jẹ àlàáfíà náà jẹ gbèsè, ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò sì fi san án. Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, owó orí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń pe iṣẹ́ ológun tipẹ́; kò wá ṣòro láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó orí tí abúlé kọ̀ọ̀kan ní Áfíríkà ti ń san lọ́dọọdún, bí ẹni pé ẹ̀ka kan náà ni méjèèjì.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí àròyé yìí kò ní kan lára, nítorí àwa náà a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní Kétu pàápàá, ó ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Ìlú Alákétu, ìlú ọlọ́di àti oníyàrà, tí òkìkí ẹnu-bodè rẹ̀ kàn káàkiri, ni àwọn ọmọ ogun Glele ọba Dàhòmì fọ́ ní 1886. Wọ́n pa ẹni tí wọ́n pa, wọ́n kó ìyókù lẹ́rú lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì, koríko sì hù lórí ilé Alákétu. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glele, ni wọ́n dá àwọn ẹrú náà sílẹ̀, ní 1894 sì ni àwọn ará Kétu padà wálé láti tún ìlú wọn kọ́, tí Onyegen sì gun orí oyè. Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú ní Abomey, tí Faransé sì tú u sílẹ̀, kí ni yóò wí nígbà tí Faransé náà bá dé tí ó ní òun fẹ́ ọmọ rẹ̀? Bí ibì kan bá wà ní gbogbo Dàhòmì tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí wọ̀ ọ́ létí, Kétu ni. Síbẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn ará Kétu mọ̀, tí àwọn tí ó kọ ìwé ní Paris kò kà sí, ni pé bí a bá ṣe oore, a kì í lóṣòó tì í. Láàárín ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé 1894 ni wọ́n ti ń san owó orí, tí wọ́n ń la ọ̀nà láìgba owó, tí wọ́n ń ru ẹrù aláwọ̀ funfun láti ìlú dé ìlú. Bí ọpẹ́ bá jẹ́ gbèsè lóòótọ́, wọ́n ti san án kọjá iye tí wọ́n jẹ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Èrèlé, 1912, òfin jáde pé bí àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ wá kò bá pé, ìjọba lè fi àṣẹ mú ọkùnrin tí ó wà láàárín ọdún 20 sí 28 kí ó ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, òfin yìí ni wọ́n gbé jáde. Wọn a sọ iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ fún olóyè agbègbè kọ̀ọ̀kan, olóyè a sì wá wọn dé ibi tí ọ̀gá aláwọ̀ funfun àti dókítà jókòó sí. Níwọ̀n bí kò ti sí ìwé ìbí, ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí. Àwọn ọmọkùnrin a bọ́ aṣọ, wọn a tò sórí ìlà níhòòhò níwájú àjèjì, ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe é fún wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dàgbà. Wọn a fi igi ìwọ̀n wọn gíga wọn, dókítà a la ẹnu wọn wò, a wo ojú, a wo ẹsẹ̀, a fi etí sí àyà, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì dá ṣáṣá ni wọ́n ń mú, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́jú jù lọ ni ìyá rẹ̀ pàdánù. Láti bí 1915 wọ́n fi owó 200 franc kún un fún ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ wá. Olóyè tí kò fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ a mú ọmọ opó, a mú àtọ̀húnrìnwá, a mú ọmọ ẹrú tí kò lẹ́nìkan, títí ohun tí wọ́n ń pè ní ọlá lẹ́nu fi di ohun tí a ń fi jẹ aláìní ìyà.

Ní Kétu, Alákétu Onyegen ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Alaba Ida, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, ni ìjọba ń bá lò bí olórí ìlú. Ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ kíkó ọmọ lọ sógun gbà kọjá, inú àwọn ará ìlú sì ru sí i gidigidi. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: àwọn ìdílé ń di ẹrù wọn, wọ́n ń ré ààlà kọjá sí ìhà Mẹ̀kọ àti Ìlárá, níbi tí àwọn ìbátan wọn wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àdéhùn 1889 ti la ilẹ̀ Kétu sí méjì láìbi onílẹ̀. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kò sá. Wọ́n dìde nínú ẹrẹ̀ àti àbàtà wọn ní 1914 àti 1915. Ní àríwá, àwọn Ìbàrìbá tẹ̀ lé Bio Guéra títí wọ́n fi pa á ní oṣù Ọ̀pẹ, 1916. Ní agbègbè odò Volta àti Bani, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó di ọ̀kan ní 1915 sí 1916, ìjọba sì fi ìbọn ńlá wó odi wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àròyé ti tán lẹ́nu Faransé. Okùn àti iná ni ó kù.

Nígbà kan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ń rìn ní ìdàkejì. Níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó ṣáájú. Ní 1914 wọ́n lẹ àwòrán Lord Kitchener, mínísítà ogun wọn, mọ́ ara ògiri, tí ó na ìka sí ojú ẹni tí ń kọjá. Ní 1915 wọ́n ya baba kan tí ó jókòó, tí ọmọ rẹ̀ ń bi í pé kí ni ó ṣe nígbà ogun. Láti oṣù Ògún 1914, àwọn obìnrin kan ń fi ìyẹ́ funfun lé ọkùnrin tí kò wọ aṣọ ológun lọ́wọ́ ní gbangba, kí ojú lè tì í. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ àti ìtìjú kò mú ènìyàn tó wá mọ́, òfin àìgbọ́dọ̀máṣe dé ní 1916. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dìbò, nítorí náà a kọ́kọ́ ní láti tu ọkàn wọn lójú. Ní Dàhòmì, òfin ni ó ṣáájú. Ìgbà tí òfin sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n tó wá ẹni tí yóò bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹni náà ni Blaise Diagne, ọmọ Gorée, tí àwọn ará Saint-Louis, Dakar, Gorée àti Rufisque dìbò yàn ní 1914 láti jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Paris, ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó dé ibẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò rọrùn láti dá lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún iṣẹ́ ológun, Diagne ni ó dìde tí ó ní kí wọ́n fi dandan mú àwọn ará ìlú mẹ́rin rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé gan-an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń mú ọmọ Paris. Ó mọ ohun tí ó ń wá. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹrù ọmọ onílẹ̀, ta ni yóò tún pè é ní àlejò? Òfin 1915 gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Òfin ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀, 1916, sì sọ àwọn àti ọmọ wọn di ọmọ onílùú Faransé. Lọ́nà yìí ó yí àròyé gbèsè padà. Mangin wí pé aláwọ̀ dúdú jẹ Faransé lówó. Diagne wí pé ẹ jẹ́ kí a san án kọjá ààlà, kí Faransé lè wá di ajigbèsè wa. Èmi kò rí àròyé mìíràn fún iṣẹ́ ológun àìgbọ́dọ̀máṣe tí ó lágbára tó èyí, nítorí ìrètí ẹni tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Diagne kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí ogun náà jẹ́. Ní oṣù Igbe 1917, ní Chemin des Dames ní ilẹ̀ Faransé, Mangin rán àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lọ kọlu òkè tí àwọn Jámánì ti gbẹ́ ihò sí. Yìnyín ń bọ́, òtútù mú ọwọ́ wọn kú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn kò lè di ìbọn mú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì ṣubú síbẹ̀. Diagne dìde nínú ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ilé aṣòfin ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìpakúpa náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Clemenceau, olórí ìjọba, ní kí ó lọ kó ọmọ ogun sí i wá. Gómìnà àgbà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Joost van Vollenhoven, ti kìlọ̀ pé bí a bá tún mú ọmọ níbẹ̀, ilẹ̀ yóò gbiná, pé oúnjẹ ni kí a gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọn kò gbọ́, tí wọ́n sì fẹ́ pín àṣẹ rẹ̀ fún Diagne, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1918, ó padà sójú ogun fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí ní oṣù Agẹmọ.

Diagne gúnlẹ̀ sí Dakar ní oṣù Èrèlé 1918 pẹ̀lú ipò tí ó bá ti gómìnà àgbà dọ́gba. Kí ó tó la ẹnu rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá ológun aláwọ̀ dúdú ni ó yí i ká, nínú aṣọ tuntun tí ọnà wúrà wà lára rẹ̀, tí àmì-ẹ̀yẹ ogun ń dán ní àyà wọn, àwọn aláṣẹ aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni a fi ń kí wọn sì ní láti jáde wá pàdé ọmọ Gorée kí wọ́n sì bu ọlá fún un. Ọmọ tí ó bá rí èyí, ṣé ó tún ń béèrè àlàyé? Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlérí, tí òfin oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti fi ọwọ́ sí: pé ẹni tí ó bá sìn yóò bọ́ lọ́wọ́ òfin indigénat, èyí tí ó jẹ́ kí aláṣẹ aláwọ̀ funfun lè ju ènìyàn dúdú sẹ́wọ̀n láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́, pé ìdílé rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ owó orí, pé iṣẹ́ ìjọba yóò wà fún un bí ó bá padà dé, pé ẹni tí ó bá gba àmì-ẹ̀yẹ lè di ọmọ onílùú, pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yóò wà ní Dakar. Ó lé ní 63,000 ọkùnrin tí ó tẹ̀ lé e ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ju iye tí ìjọba béèrè lọ, ìdìtẹ̀ irú ti 1915 kò sì tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Èrèlé yẹn kan náà, ní ọjọ́ 20, Clemenceau ń sọ fún àwọn aṣòfin àgbà ní Paris pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí àwọn dúdú mẹ́wàá kú ju kí ọmọ Faransé kan kú lọ. Diagne ń bá àwọn òbí sọ ti ẹ̀tọ́ ní Dakar, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ sì ń ka orí ènìyàn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ogun parí ní oṣù Bélú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ 1918 tó dé ojú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ránṣẹ́ láti 1914, bí 170,000, ó tó 30,000 tí kò padà. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dé ní tòótọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi èyí du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kíkó ọmọ ogun ní dandan tí ó gbilẹ̀ nígbà ogun, òfin ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ, 1919, sọ ọ́ di ti ìgbà àlàáfíà pẹ̀lú, ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ìbò bá mú. Láti 1926, àwọn tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò fẹ́ nínú wọn ni wọ́n ń kó lọ la ojú irin àti ìṣàn omi oko, pẹ̀lú ọkọ́ dípò ìbọn. Ní 1924, ìwé ìròyìn Les Continents ní Paris, tí Kojo Tovalou Houénou ọmọ Porto-Novo wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, tẹ àròkọ René Maran tí ó fi ẹ̀sùn kan Diagne pé ó gba owó lórí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Diagne pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre, ìwé ìròyìn náà sì kú. Èmi kò gbà pé owó ni Diagne ń wá. Mo gbà pé ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí tí kì í ṣe òun ni yóò mú un ṣẹ, èyí sì ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ àwọn ènìyàn létí ju ti òpùrọ́ lọ.

Òfin indigénat tí Diagne ní àwọn ọmọ ogun yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àwọn ará ilé wọn títí di 1946, ọdún tí ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú tó kárí gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ, 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó ti ìgbèkùn àwọn Jámánì dé nínú ogun àgbáyé kejì béèrè owó iṣẹ́ wọn tí ìjọba kò tíì san, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n jọ ń sìn sì yìnbọn fún wọn. Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn 35 ni ó kú, lẹ́yìn náà ni Paris fúnra rẹ̀ gbà pé wọ́n lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òpin 1959, nígbà tí òmìnira ti ń kan ilẹ̀kùn, òfin ìsúná Faransé so owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ iye tí ó wà nígbà náà, tí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun sì ń ga sí i bí ọjà ti ń wọ́n, títí ẹsẹ̀ kan náà tí ìbọn kan náà gé fi ní iye kan ní Lyon, tí ó sì ní iye mìíràn tí kò tó nǹkan ní Porto-Novo. Ọdún 2010 ni ìjọba Faransé tó pinnu pé kí méjèèjì dọ́gba, ìgbà náà sì ni àwọn tí ó ja ogun Hitler tí wọ́n ṣì wà láàyè ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún, tí kò sì sí ẹyọ ẹnì kan mọ́ nínú àwọn tí wọ́n kó ní 1918 tí yóò na ọwọ́ gbà á.